Ìyá Sẹ̀tọnjí àti Sẹ́ńtì Mẹ́wàá Amẹ́ríkà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ilẹ̀ bá ń mọ́, tí ìkùukùu ṣì bo ọ̀sà mọ́lẹ̀ débi pé ojú kò lè tó Tópó ní òdìkejì, ìyá mi àgbà á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, àwo tánganran funfun kan á sì wà lórí itan rẹ̀. Omi ló wà nínú àwo náà, owó ló sì wà nínú omi. Kì í ṣe owó tí à ń ná ní Àgbádárìgì. Owó Amẹ́ríkà ni, sẹ́ńtì mẹ́wàá, fàdákà pẹlẹbẹ tó kéré ju tọ́rọ́ tiwa lọ. Orí ọkùnrin kan wà lójú rẹ̀ kan, ògùṣọ̀ tó ń jó wà lójú kejì, ẹ̀ka igi eléwé sì wà lọ́tùn-ún àti lósì ògùṣọ̀ náà.

Àwa ọmọ ọmọ rẹ̀ á tò yí i ká pẹ̀lú oorun lójú. Omi inú àwo á máa mì díẹ̀díẹ̀, orí ọkùnrin náà á máa bá a mì, á sì dà bíi pé ó fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀. Bí a bá bi Ìyá Àgbà pé kí ló ń wò, kì í gbójú sókè. Á ní, "Mò ń wo ẹ̀gbọ́n ìyá yín."

Ó ti lọ báyìí. Ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó sọ àsíá òyìnbó kalẹ̀ ló kú, ọjọ́ sì ti pẹ́. Síbẹ̀ àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an, pàápàá láàárọ̀ tí ìkùukùu bá wà lójú omi. N kò lè sọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. N kò mọ̀ ọ́n tán, òun náà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n tán. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wá sí mi lọ́kàn, bí àlá tí èèyàn ń gbìyànjú láti rọ́ nígbà tí kò tíì jí dáadáa.

Ọmọ méjì ló bí. Sẹ̀tọnjí ni àkọ́bí, ìyá mi ló tẹ̀ lé e, ọkọ rẹ̀ sì ti kú kí wọ́n tó bí mi. Gbogbo ìlú ló ń pè é ní Ìyá Sẹ̀tọnjí. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni Sẹ̀tọnjí ríṣẹ́ ní Àpápá, nínú ilé ìdáná ọkọ̀ òkun kan tó ń ná ọ̀nà Amẹ́ríkà. Kò mọ̀wé. Ìyá rẹ̀ pẹ̀lú kò mọ̀wé, àfi nọ́ńbà tó kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará ìjọ Àgùdà ní Tópó nígbà tó máa ń gbé òróró àgbọn sọdá lọ tà fún wọn. Nígbà tí Sẹ̀tọnjí dé láti ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́, ó yọ sẹ́ńtì mẹ́wàá kan lápò, ó fi ìka tọ́ka sí ọdún tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ ọrùn ọkùnrin ara rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, mi ò lè kọ lẹ́tà sí yín. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni wọ́n ń tẹ èyí. Màá máa wá tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, màá sì fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé. Ẹ ò ní wo nǹkan mìíràn lára rẹ̀. Ọdún ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá ti rí ọdún tuntun, ẹ mọ̀ pé mo wà láàyè."

Bí obìnrin tó ń fún òróró àgbọn ṣe di ẹni tó ń kó owó Amẹ́ríkà jọ nìyẹn. Mo gbọ́ pé àwọn olówó kan wà nílùú òyìnbó tí wọ́n ń kó o jọ fún ìgbádùn. Ìyá Àgbà kò kó tirẹ̀ jọ fún ìgbádùn o.

Owó náà máa ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Sẹ̀tọnjí á fún ẹnì kan nínú ọkọ̀ mìíràn, onítọ̀hún á fún òṣìṣẹ́ kan ní Àpápá, òṣìṣẹ́ náà á fún atukọ̀ tó ń ti Èkó bọ̀ ní Àgbádárìgì. Ẹni tó bá wá fà á lé wa lọ́wọ́ kì í mọ Sẹ̀tọnjí rí. Gbogbo ohun tó máa ń mọ̀ ni pé, "Wọ́n ní kí n fún Ìyá Sẹ̀tọnjí." Ìyá Àgbà kì í yọ̀ kó tó rí nọ́ńbà. Á kọ́kọ́ nu owó náà sára ìró rẹ̀, á gbé e sún mọ́ ojú, á ka nọ́ńbà ara rẹ̀ ní èdè Gùn tiwa lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ á máa mì láì mú ohùn jáde. Lẹ́yìn náà ni á mí kanlẹ̀. Á ní, "Ó jẹun lọ́dún yìí."

Kì í ṣe ẹni pẹ̀lẹ́ o, kí ẹnikẹ́ni má tan yín jẹ. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bí atukọ̀ kan bá ti Èkó dé láì mú nǹkan bọ̀, á dúró sí èbúté, á fọwọ́ sí ìbàdí, á ní, "Ẹ kúkú máa wá bẹ́ẹ̀, apẹ̀rẹ̀ tí kò nídìí!" Àwọn atukọ̀ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ fún un láàárín ẹja àti ẹrù wọn. Ahun ni lórí àgbọn, kò sí ọmọdé tó jẹ́ jẹ àgbọn rẹ̀ láì sọ orúkọ ẹni tó fún un. Síbẹ̀ bí ó bá ń fún òróró, tí gbogbo àgbàlá ń ta sánsán, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dídùn tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò sí wa lọ́wọ́. Á ní, "Ẹ lá a kíá, ovi ṣie, kí n tó rántí pé ahun ni mí." Ovi ṣie, ọmọ mi, ló ń pe gbogbo wa, títí kan ọmọ àjèjì tó bá ń kọjá lọ.

Nígbà mìíràn ó máa ń kó wa sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, a ó sọdá ọ̀sà, a ó gba àárín àwọn igi àgbọn títí a ó fi dé etí òkun. Ibẹ̀ ni oko àgbọn tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún Sẹ̀tọnjí wà. Yanrìn ibẹ̀ máa ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀, ariwo omi kì í sì jẹ́ ká gbọ́ ohùn ara wa dáadáa. Ó sọ fún wa pé lẹ́yìn ìgbì kẹta ni Amẹ́ríkà wà. A gbà á gbọ́. A máa ń dúró lórí ìka ẹsẹ̀ wa, a ó máa wá èéfín ilé ìdáná ọkọ̀ Sẹ̀tọnjí lójú ọ̀run, bí ìkùukùu bá sì gbára jọ lórí òkun, a ó pariwo pé ó ń dáná. Ìyá Àgbà á bu àgbọn rírin sí àtẹ́lẹwọ́, á jù ú sómi, torí Sẹ̀tọnjí fẹ́ràn rẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé òkun á gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Ó wojú mi bíi pé mo bi í bóyá omi tutù.

Ó ní, "Òkun ò ní ilẹ̀kùn, ovi ṣie. Ta ló fẹ́ dá a dúró?"

Lọ́sàn-án, bí iṣẹ́ bá dilẹ̀, ó máa ń da owó náà sórí ẹní, á tò wọ́n ní ọdún sí ọdún. Ọdún kan wà tí owó kò dé. N kò mọ ohun tó fà á, bóyá ọkọ̀ náà gba ibòmíràn, bóyá ẹni tí wọ́n fi rán kò rántí. Níbi tó yẹ kí owó ọdún náà wà, ó fi èèpo àgbọn kékeré kan síbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, owó tuntun dé, ó sì tò ó síwájú èèpo náà. Aládùúgbò wa kan bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun bá a wá owó ọdún yẹn lọ́wọ́ àwọn tó ń bá òyìnbó ṣiṣẹ́ ní Èkó, kí ìlà náà lè pé. Ó kọ̀. Ó ní, "Ẹni tí kò wá, a kì í fi ẹlòmíràn dí àyè rẹ̀."

Ẹni méjì ló tún máa ń wá wo owó náà, kálukú pẹ̀lú ojú tirẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Zánnù, alágbẹ̀dẹ fàdákà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ilé wa. Nígbà yẹn, ṣílè tí à ń ná ti di idẹ, àwọn àgbà ṣì ń kérora lórí ìgbà tí ó jẹ́ fàdákà. Zánnù á mú ọ̀kan nínú sẹ́ńtì mẹ́wàá náà, á jẹ́ kó já bọ́ sórí òkúta, á dẹtí. Ó máa ń dún wooro, tẹ́ẹ́rẹ́, á sì pẹ́ kó tó kú sílẹ̀. Zánnù á pa ojú dé bí ẹni tó ń mu ọtí dídùn.

Á ní, "Ìyá, méjì péré, ẹ fún mi ní méjì péré. Màá fi rọ òrùka tí ìyàwó ọba á tìtorí rẹ̀ wá kí yín."

Ìyá Àgbà á gba owó rẹ̀ padà, á ní, "Zánnù, dídún rẹ̀ nìwọ ń gbọ́. Ọmọ mi lèmi ń gbọ́."

Ẹnì kejì ni òyìnbó kan tó wà ní ilé aṣọ́bodè. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, "ìwọ" ló ń pe Ìyá Àgbà láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n, a sì dárí jì í. Òun pẹ̀lú ń kó owó jọ. Ó ní páálí kan tó ní ihò róbótó róbótó, owó kọ̀ọ̀kan sì ní ihò tirẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó bá Ìyá Àgbà níbi tó ti ń fi eérú, ọsàn wẹ́wẹ́ àti okùn ara èèpo àgbọn fọ owó náà, bí a ṣe ń fọ ìkòkò. Òyìnbó náà gbá orí mú.

"Màmá! Má fọ̀! Má fọ̀!"

Ìyá Àgbà dáwọ́ dúró, ẹnu yà á. Ó ní, "Kí ló dé? Nílé tiwa, ohun tí a bá fẹ́ràn là ń fọ̀."

Òyìnbó náà jókòó tì í, ó sì gbé awò rẹ̀, èyí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, lé owó náà lórí. Ó ní bí a bá ń fi eérú ha owó, ojú rẹ̀ á jẹ, àwọn tó ń kó o jọ kò sì ní fẹ́ ẹ mọ́. Ó fi ọ̀já tó de igi ògùṣọ̀ náà hàn án: bí ìlà ọ̀já bá ṣì hàn kedere, owó náà níye lórí, bí ó bá ti pa rẹ́, iye rẹ̀ ti já. Ó tún fi lẹ́tà kékeré kan hàn án nídìí ògùṣọ̀, èyí tó ń sọ ìlú tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí Ìyá Àgbà mú nínú gbogbo rẹ̀ ni pé bí òun bá ń ha owó, nọ́ńbà ọdún lè pa rẹ́. Ẹ̀rù bà á. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fọ̀ wọ́n mọ́, omi lásán ló ń kó wọn sí.

Ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ti ọdún 1949, tó ní lẹ́tà kan tó lọ́ mọ́ra bí ekòló nídìí ògùṣọ̀ rẹ̀. Òyìnbó náà ní wọn kò tẹ irú rẹ̀ púpọ̀, ó ṣọ̀wọ́n, òun sì ti ń wá a fún páálí òun. Ó ní bí Ìyá Àgbà bá lè fún òun, òun á fi páànù tuntun kan ilé ìdáná rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ilé ìdáná náà ń jò nígbà yẹn débi pé a máa ń gbé àwo sórí ìkòkò ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Ìyá mi fẹ́ kó gbà. Ìyá Àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó náà, ó fún un ní àgbọn mẹ́ta, ó ní kó máa lọ. Nígbà tí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó ní, "Òjò a máa dá. Bí mo bá fọwọ́ ara mi ta ọdún kan nínú ọdún ọmọ mi, ìgbà wo nìyẹn máa dá?"

Kò tilẹ̀ ka èyí tó ṣọ̀wọ́n yẹn sí ju àwọn tó kù lọ. Èyí tó dé kẹ́yìn ló máa ń níye lórí jù lójú rẹ̀. Bí tuntun bá ti dé, tí ó ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, èyí tó ṣáájú rẹ̀ á di ọ̀kan lára àwọn tó kù. Òyìnbó náà kò lóye èyí rárá.

Lẹ́yìn náà ni owó kò dé mọ́. Èèpo àgbọn kan wọ ìlà, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Ìyá Àgbà kò bú àwọn atukọ̀ mọ́. Á kàn dúró ní èbúté títí ọkọ̀ á fi tú ẹrù tán, á yí padà sílé láì sọ̀rọ̀, ìyẹn sì burú lójú mi ju èébú lọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni olórí ẹbí wa nígbà náà. Kì í ṣe èèyàn búburú. Ó pè é, ó sì bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ níwájú ìyá mi. Ó ní ẹni tí òkun bá gbé, tí a kò rí òkú rẹ̀, aṣọ tó bọ́ sílẹ̀ ni a máa ń sin dípò rẹ̀, kó lè simi, kí àwọn tó ṣẹ́kù náà sì simi. Ó ní oko àgbọn tó wà létí òkun ń di igbó, àwọn ọmọkùnrin ilé sì ti dàgbà, wọ́n ń fẹ́ ilẹ̀. Ìyá Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró títí ọyẹ́ á fi lọ. Bí owó tó ní ọdún tuntun lára kò bá dé kí ọyẹ́ tó lọ, kí wọ́n sin Sẹ̀tọnjí, kí wọ́n sì pín oko rẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Wọ́n ti ra aṣọ àlà tí wọ́n máa fi di aṣọ Sẹ̀tọnjí, ó wà ní kíká lórí pẹpẹ nínú ilé olórí ẹbí.

Ọyẹ́ ń parí lọ nígbà tí owó dé.

Ìyá mi ló wà ní èbúté lọ́jọ́ náà. Atukọ̀ kan tí kò mọ̀ rí fún un ní bébà tábà tí wọ́n dì, ó ní kó fún Ìyá Sẹ̀tọnjí. Sẹ́ńtì mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, ó ń tàn yinrin. Ìyá mi kò mọ nọ́ńbà, èmi sì wà nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n bí owó náà ṣe ń dán tó ti tó o. Ó bú sẹ́kún ayọ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́ja. Ó sì ro ohun kan tó dà bí ọgbọ́n: bí òun bá kó owó yìí fún ìyá òun lásán, àwọn kan nínú ẹbí lè sọ pé ọ̀kan nínú ti àtijọ́ ló fọ̀ tó gbé wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀, tí gbogbo ayé rí i pé tuntun ni, ta ló máa jiyàn? Ó sáré lọ sọ́dọ̀ Zánnù pé kó lu ihò sí i lára, kó fi okùn sí i.

Inú Zánnù dùn, ó ní òun kò ní gba kọ́bọ̀. Ó gbé owó náà kalẹ̀, ó kọ ojú ògùṣọ̀ sókè torí ìyẹn ló lẹ́wà jù. Kò fẹ́ ba iná orí ògùṣọ̀ jẹ́, nítorí náà ó yẹ̀ fún un, ó lu ihò náà sókè lápá ọ̀tún díẹ̀. Ohun tí gbogbo alágbẹ̀dẹ etí òkun yìí máa ṣe ló ṣe. Ṣílè tiwa, bí o bá ṣí i bí ẹni ṣí ojú ìwé, igi ọ̀pẹ ojú kan àti adé ojú kejì jọ dúró lóòró ni. Òkè ọ̀kan ni òkè èkejì. Kò sí ẹni tó tíì sọ fún Zánnù pé owó Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀, pé bí ògùṣọ̀ rẹ̀ bá dúró lóòró, ńṣe ni orí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń dorí kodò. Ó yí i padà láti wo iṣẹ́ rẹ̀. Ihò náà ti gba abẹ́ ọrùn ọkùnrin náà jáde, níbi tí ọdún wà. Kò ku nọ́ńbà kan.

Ìyá mi sọ fún mi pé àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ wá ìyẹ̀fun fàdákà nínú eérú, bíi pé a lè kó o jọ kó tún di nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà wọ́n jọ wá sílé. Mo ti dé láti ilé ẹ̀kọ́ nígbà yẹn, mo sì rí i. Zánnù, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá mi ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ẹkún.

Ìyá Àgbà gba owó náà. Ó nu ú sára ìró rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ ojú, mo sì rí ẹnu rẹ̀ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, tó sì dúró. Ó ní, "Zánnù, dìde. Eruku ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu."

Lọ́jọ́ kejì ó gbé e lọ bá òyìnbó aṣọ́bodè, èmi sì tẹ̀ lé e. Òyìnbó náà fi awò wò ó lójú méjèèjì, ó wo etí ihò náà yíká. Ó mi orí. "Màmá, ọdún ti lọ. Owó yìí, kò níye lórí mọ́." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú àánú, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà na ọwọ́ gba owó rẹ̀, ó ní, "Nínú páálí tìrẹ nìyẹn."

Wọ́n pe ẹbí jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórí ẹbí. Aṣọ àlà náà ti wà lórí ẹní níwájú wọn. Mo mọ̀ pé ó lè purọ́. Àwọn tó mọ̀wé níbẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì lè sọ pé òun ti ka ọdún rẹ̀ kí Zánnù tó lu ú. Olórí ẹbí bi í pé, "Ìyàwó wa, wọ́n ní owó dé. Ọdún wo ló wà lára rẹ̀?"

Ó ní, "Kò sí ọdún lára rẹ̀, ọkọ mi. Wọ́n ti lu ú kó tó dé ọwọ́ mi."

Àwọn èèyàn kùn. Olórí ẹbí dorí kodò díẹ̀. Ó ní, "Àánú rẹ ṣe mí. Ṣùgbọ́n o mọ àdéhùn wa. Owó tí kò lọ́dún kò lè jẹ́rìí pé ọmọ wà."

"Òótọ́ lẹ sọ, ọkọ mi. Kò lè jẹ́rìí pé ó wà. Ṣé ó lè jẹ́rìí pé ó ti kú?"

Ìyá Àgbà bọ́ owó náà, tí ó ti fi okùn kọ́, kúrò lọ́rùn, ó sì nà án sí ẹni tó sún mọ́ ọn jù. "Ẹ gbé e yí ká. Ẹni tó bá lè ka ọdún tó wà nínú ihò yìí, kó kà á sókè. Bí ó bá jẹ́ ọdún àtijọ́, èmi fúnra mi ni màá tẹ́ aṣọ yìí fún un."

Wọ́n gbé e yí ká lóòótọ́. Mo rí àwọn àgbààgbà tí wọ́n ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí wọ́n ń gbé e sójú. Kò sí nǹkan nínú ihò náà ju ìmọ́lẹ̀ ọ̀sà lọ. Ó dé ọwọ́ olórí ẹbí gbẹ̀yìn. Ó fi ojú ara rẹ̀ gba inú ihò náà wo Ìyá Àgbà tó jókòó níwájú rẹ̀, ó sì wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dá owó náà padà fún un.

Ó ní, "Ẹ ká aṣọ yẹn kúrò nílẹ̀."

Bó ṣe parí nìyẹn. Àwọn ọmọkùnrin ilé bínú, oko àgbọn náà sì wà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, Ìyá Àgbà kò lọ dúró ní èbúté mọ́. Bí ọyẹ́ bá ti dé, á da owó rẹ̀ sórí ẹní, á tò ó, á mú èyí tó ní ihò kúrò níbi tó wà lọ́dún tó kọjá, á sì gbé e sí ìparí ìlà. Á bi mí pé ọdún wo la wà. Mo máa ń sọ fún un. Á ní, "Ọdún yẹn náà ni."

Àwọn kan ní ó ń tan ara rẹ̀ jẹ. N kò mọ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń sunkún nígbà mìíràn níbi tó ti ń fún òróró, tí kò jẹ́ kí èéfín gba ẹ̀bi rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Zánnù ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, á ní, "Kò ba ọdún jẹ́. Ó kàn ṣílẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ ni."

Nígbà tó kú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló kú, bí ẹni tó sùn lọ lójú ọ̀sán. Lọ́jọ́ ìsìnkú, a ń ṣe bí ẹbí wa ṣe máa ń ṣe. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tó wà láàyè á mú aṣọ kan wá láti fi bo ìyá rẹ̀, wọ́n á pe orúkọ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ. Ọmọ tó bá ti kú ṣáájú kì í mú aṣọ wá, torí òun ló ń dúró de ìyá rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìyá mi gbé aṣọ méjì wọlé. Wọ́n gba ti àkọ́kọ́, wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Èkejì, tí ó mú wá lórúkọ Sẹ̀tọnjí, wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó na ọwọ́ gbà á.

Ẹni tó lè jiyàn ti dùbúlẹ̀ níwájú wa, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ọmọkùnrin ilé ń wo olórí ẹbí. Bí wọn kò bá tẹ́ aṣọ yẹn, Sẹ̀tọnjí ti kú nìyẹn, ilẹ̀ rẹ̀ sì ti di ti gbogbo wọn.

Olórí ẹbí ti di arúgbó nígbà náà, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó fi ọ̀pá náà ti ògiri, ó rìn lọ bá ìyá mi, ó gba aṣọ náà. Ó kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí n kò rí kó ṣe rí, ó tẹ́ ẹ lé Ìyá Àgbà láti èjìká dé ẹsẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tún etí rẹ̀ ṣe.

Ó ní, "Ìyàwó wa, Sẹ̀tọnjí ọmọ rẹ wà lójú òkun. Ó ní kí n bá òun bo ìyá òun."